Ọ̀rọ̀ Tó Wà Létí Ìwé Strength of Materials Mi

Ìwé strength of materials, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí irin, igi àti irú wọn ṣe ń gbé ẹrù kí wọ́n tó tẹ̀ tàbí kí wọ́n tó já, tí mo lò ní yunifásítì ti gba ọwọ́ àwọn kan kọjá kó tó dé ọwọ́ mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́ta ló wà létí àwọn ojú ewé rẹ̀. Ẹnì kan lo bírò búlúù. Ẹnì kan lo pẹ́ńsùlù. Ẹnì kẹta lo bírò pupa, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé débi pé bí mo bá ṣí ewé náà sí òdìkejì, ìka mi ń mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lára. Kò sí èyí tó kọ orúkọ sílẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n kan tó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló tà á fún mi, òun náà sì ní bóun ṣe bá a nìyẹn, pé òun ò kọ nǹkan kan sí i.

Bó ṣe ń nà án sí mi ló fún mi nímọ̀ràn. Ó ní, "Àbúrò, má yọ ara ẹ lẹ́nu lórí àlàyé inú ẹ̀ o. Àpẹẹrẹ tí wọ́n ti ṣe ni kó o mú. Ìwé yẹn á máa fi ojú ewé mẹ́rin sọ ibi tí fọ́múlà ti wá, bẹ́ẹ̀ ìdánwò ò ní bi ẹ́ ní ìyẹn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, mo sì tẹ̀ lé ohun tó sọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko.

Òun nìkan kọ́ ló rí ìwé náà bẹ́ẹ̀. Ní kíláàsì wa, bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, ẹnu kì í kò mọ́. Àwọn kan ní ó ti nípọn jù. Àwọn kan ní àpẹẹrẹ inú rẹ̀ dà bí omi tó mu ènìyàn dé orúnkún, tí iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan wá dà bí ọ̀sà. Àwọn kan tilẹ̀ ní ẹni tó kọ ọ́ kò rántí ìgbà tóun náà ò mọ̀ ọ́n. Àwọn díẹ̀ wà tó fẹ́ràn rẹ̀ o, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ àwọn tó ń tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. Àwọn tí kọ́ọ̀sì ti gbé ṣubú lẹ́ẹ̀kan ló ń yin ìwé. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ìgbà kejì tí mo kà á ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àwọn àwòrán ibẹ̀." Mo rò pé ó fẹ́ fi ìyẹn yẹ ìbéèrè mi sílẹ̀ ni.

Irú ìjiyàn kan náà ló ń lọ létí ìwé mi. Níbi tí òǹkọ̀wé ti ń tú bí bíìmù, ìyẹn ọ̀pá gbọọrọ tí a gbé dùbúlẹ̀, ṣe ń gbé ẹrù palẹ̀, búlúù kọ ọ́ pé: "Kí ló dé tí kò kàn sọ fọ́múlà ká gbọ́?" Pẹ́ńsùlù fèsì nísàlẹ̀ rẹ̀: "Ṣe sùúrù. Wo àwòrán òkè yẹn dáadáa." Pupa kò dá sí i níbẹ̀, àmọ́ nígbà tí orí náà parí, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Èyí kò jọ ohunkóhun tí wọ́n kọ́ wa." Ó dá mi lójú pé wọn ò mọ ara wọn. Ọdún kan tàbí méjì lè wà láàárín ìbéèrè búlúù àti èsì pẹ́ńsùlù, èsì yẹn kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè rẹ̀ láé. Ọ̀dọ̀ mi ló dé.

Ìdánwò àárín sáà ni mo ti rí ibi tí ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n gbé mi dé. Wọ́n fún wa ní bíìmù irin kan tó gùn ní mítà 4, tí wọ́n gbé orí rẹ̀ méjèèjì lé nǹkan. Ó fẹ̀ ní mìlímítà 50, ó ga ní mìlímítà 100, ẹrù 5 kN, nǹkan bí ìwúwo kílò 500, sì wà lórí mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ láti òpin dé òpin. Báwo ni àárín rẹ̀ yóò ṣe tẹ̀ wálẹ̀ tó? Mo mọ fọ́múlà rẹ̀ bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀: 5wL⁴ tí a fi 384EI pín. w ni ẹrù orí mítà kọ̀ọ̀kan, L ni gígùn, E ni bí irin ṣe ń kọ̀ láti nà tó, I sì ni bí ìrísí ojú bíìmù ṣe ń kọ̀ láti tẹ̀ tó. Mo kó nọ́ńbà sí i, mo tẹ ẹ̀rọ ìṣírò mi, ó fún mi ní mìlímítà 20,000. Mo kọ mítà 20 sílẹ̀, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo sì bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.

Nígbà tí ìwé ìdánwò padà wá, olùkọ́ wa kò fa ìlà pupa gbọọrọ kankan sí i. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò ju èyí lọ: "Mítà 4 ni bíìmù yìí gùn. Wo ìdáhùn rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i."

E irin jẹ́ 200 GPa, ìyẹn 200,000 MPa, tàbí 200,000 N lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan. Mo ti kó 200 lásán sí i. Ìdáhùn tòótọ́ jẹ́ mìlímítà 20, kò ju ìbú ìka àtàǹpàkò lọ. Máàkì tí mo pàdánù dùn mí, àmọ́ kì í ṣe òun ló gba oorun lójú mi. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo fi ojú ara mi wo bíìmù mítà 4 tó tẹ̀ wálẹ̀ ní mítà 20, n kò sì rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Lójú mi, bíìmù yẹn kì í ṣe irin. Lẹ́tà mẹ́rin lórí ìlà ni.

Kàkà kí n padà sínú ìwé, ìwé ojútùú ni mo lọ wá. Ó ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn láàárín wa, gbogbo ìṣòro ẹ̀yìn orí ló sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kà á lóru. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ka èyí fara balẹ̀ síbi yìí, torí mo mọ bí ibẹ̀ ṣe dùn tó. Bí mo bá ń tẹ̀ lé ojútùú, kò sí ìlà kan tí kò yé mi. Mo á máa mi orí, mo á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ bẹ́ẹ̀." Bí mo bá wá pa á dé, tí mo gbé ìwé òfìfo síwájú, ọwọ́ mi kò ní mọ ibi tó máa kọ́kọ́ lọ. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ìwé ojútùú kì í sọ. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti mọ ibi tó máa gé, ohun tó máa yà, àti èyí tó máa fi sílẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀.

Pẹ́ńsùlù ló yọ mí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ṣí ìwé náà láìní ohun kan pàtó lọ́kàn, mo sì ṣàkíyèsí pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣòro kọ̀ọ̀kan tí ẹni yìí ṣe, nǹkan mẹ́ta ló máa ń wà. Àwòrán kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ wà: ohun náà tí wọ́n ti gé kúrò lára gbogbo ohun tó dì í mú, tí ọfà sì fi agbára kọ̀ọ̀kan tó ń tì í tàbí tó ń fà á hàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbólóhùn kan bíi "Mo rò pé á tó 100 MPa." Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn: "120." Ní àwọn ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó rò jìnnà réré sí ìdáhùn. Ibì kan wà tó ti rò pé 10, tó wá rí 300. Bí orí ń tẹ̀ lé orí, àlàfo àárín méjèèjì ń dín kù. Nígbà tó fi dé orí kẹjọ, ó ń rò pé 60, ó ń rí 64.

Mo rí ènìyàn kan tó ń kọ́ nǹkan, lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Kò sí olùkọ́ tó sọ fún mi rí pé kí n méfò kí n tó ṣírò. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣe é, títí di òní olónìí tí mo ń fi iṣẹ́ yìí jẹun.

Mo padà sí orí kìn-ín-ní, orí tí gbogbo wa fò torí wọ́n ní ohun tí a ti mọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀. Free body diagram, ìyẹn irú àwòrán ọlọ́fà tí pẹ́ńsùlù ń yà, agbára òkè dọ́gba pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, ó tán. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ wa sọ ìtàn òtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Kansas City ní Amẹ́ríkà fún wa. Méjì nínú àwọn afárá ìrìn tó so rọ̀ nínú gbọ̀ngàn rẹ̀ wà lórí ara wọn, ọ̀kan ní òkè kejì, ọ̀kan ní òkè kẹrin, èyí tó wà nísàlẹ̀ gẹ́lẹ́ lábẹ́ èyí tó wà lókè. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ọ̀pá irin gígùn kan náà ló yẹ kó ti òkè àjà wá, kó gba inú afárá òkè kọjá, kó sì gbé ti ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n pín ọ̀pá náà sí méjì: ọ̀kan gbé afárá òkè, wọ́n sì fi èkejì so afárá ìsàlẹ̀ mọ́ afárá òkè. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1981, àwọn afárá náà já. Ènìyàn 114 ló kú.

Olùkọ́ ní kí a fojú inú wo ènìyàn méjì tó rọ̀ mọ́ okùn kan. Bí oníkálùkù bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ di okùn mú, ara rẹ̀ nìkan ló ń gbé. Àmọ́ bí ti ìsàlẹ̀ bá jọ̀wọ́ okùn, tó wá di ẹsẹ̀ ti òkè mú, okùn kò mọ ìyàtọ̀, ẹrù kan náà ló ń gbé. Ọwọ́ ẹni òkè ló mọ ìyàtọ̀, nítorí pé ó ti ń gbé ènìyàn méjì. Nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ afárá òkè ni ọwọ́ yẹn. Ẹrù rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ yẹn kò ní agbára tí òfin ìkọ́lé béèrè tẹ́lẹ̀, ká tiẹ̀ ní wọn ò yí nǹkan kan padà.

Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo délé, mo ya nọ́ọ̀tì yẹn nìkan, mo fi ọfà sí i, lọ́nà méjèèjì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kò sí fọ́múlà kan tó le níbẹ̀, kò sí ju àròpọ̀ lọ. Ohun tó wà nínú orí tí a ní a ti mọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, n kò fi ọ̀rọ̀ orí kìn-ín-ní ṣeré mọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún mi pé ìwé náà ń fi àkókò ṣòfò níbẹ̀, mo máa ń sọ ìtàn yìí fún un.

Orí kẹfà, ti bíìmù, ló gba ìgbà mi jù. Ohun tí kò wọ̀ mí lórí ni ìlà àárín. Bí bíìmù bá tẹ̀, òkè rẹ̀ ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń nà, ibì kan sì wà láàárín tí kò fún tí kò sì nà. Báwo ni nǹkan yóò ṣe wà lára irin tó ń gbé ẹrù, kí ó má sì mọ ohun tó ń lọ? Ara tù mí díẹ̀ nígbà tí mo mọ̀ pé ìlà yìí ti ṣòro fún àwọn tó jù mí lọ. Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1638, rò pé igi tí a rì mọ́ ògiri ń nà káàkiri ojú ibi tó ti kan ògiri, tó sì ń yí lórí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìṣírò rẹ̀ fún igi onígun mẹ́rin wá fún igi náà ní agbára ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìṣírò òde òní fún un. Ó tó ọdún 1826 kí Navier, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, tó gbé e kalẹ̀ kedere nínú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé gbùngbùn ojú bíìmù ni ìlà náà máa ń gbà. Ojú ewé mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n ní kí n fò, nǹkan bí igba ọdún ni wọ́n fi wá a.

Rúlà ni mo fi gbà á gbọ́. Mo ní rúlà oníke kan, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 30, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 3. Mo gbé e lé ìwé méjì ní pẹlẹbẹ, mo fi ìka kan tẹ àárín rẹ̀, ó tẹ̀ bí ọrun. Mo gbé e nà ró lórí etí rẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbagidi títí tó fi yẹ̀ lójijì sí ẹ̀gbẹ́. Rúlà kan náà, oníke kan náà. Mo wá ṣírò I rẹ̀: fífẹ̀ lọ́nà gíga tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí a fi 12 pín in. Ní pẹlẹbẹ, 67.5. Ní òró, 6,750. Ìlọ́po 100. Mo wo nọ́ńbà yẹn, mo wo rúlà, mo tún fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí fọ́múlà kan tí mo kà nínú ìwé bá ìka mi sọ̀rọ̀.

Mo padà sórí bíìmù ìdánwò mi tó dójú tì mí. Mo dà á dùbúlẹ̀ sórí ìwé, kí ó fẹ̀ ní 100, kí ó sì ga ní 50. Bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, stress (agbára tó wà lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan) tó ga jù nínú rẹ̀ jẹ́ 120 MPa, ó sì tẹ̀ ní mìlímítà 20. Bí ó ti dùbúlẹ̀ báyìí, stress di 240, títẹ̀ rẹ̀ di mìlímítà 80. Irin kan tó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ ìkọ́lé máa ń juwọ́ sílẹ̀, tí kì í lè padà sí bó ṣe wà mọ́, ní nǹkan bí 250. Irin kan náà, ẹrù kan náà, ìwúwo kan náà, ọ̀kan wà ní ìrọ̀rùn, ìkejì ti dé ẹnu ọ̀gbun, ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e lé ibẹ̀ nìkan ló fà á. Mo kọ ọ́ sétí ìwé lábẹ́ ọ̀rọ̀ pẹ́ńsùlù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi kọ síbẹ̀ nìyẹn.

Mohr's circle ni ibi tí gbogbo ènìyàn ti máa ń bú ìwé náà. Òbìrí tí Otto Mohr ará Jámánì gbé jáde ní 1882, tí a fi ń mọ bí stress ṣe ń yí padà bí a bá yí ojú tí a fi ń wo nǹkan padà. Búlúù kọ síbẹ̀ pé: "Kí ni ìlò èyí?" Pẹ́ńsùlù kò fèsì. Èmi ni mo ní èsì, ṣọ́ọ̀kì ló sì fún mi. Olùkọ́ mú ṣọ́ọ̀kì méjì síwájú wa. Ó tẹ àkọ́kọ́ títí ó fi ṣẹ́, ojú ibi tó ṣẹ́ sì tẹ́jú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ìkejì bí ẹní ń fún aṣọ, ó ṣẹ́, ojú ibi tó ṣẹ́ sì lọ́ bí òkòtó, ní ìwọ̀n digiri 45. Ó gbé e kọjá láàárín ìjókòó kí oníkálùkù fọwọ́ kàn án. Lílọ́ ló lọ́ ọ, síbẹ̀ fífà ló pa á, nítorí pé ní igun 45 yẹn ni fífà ti pọ̀ jù lára ohun tí a lọ́, ṣọ́ọ̀kì kò sì lè gba fífà. Irin tó rọ̀ yàtọ̀: bí o bá lọ́ ọ títí ó fi já, ojú rẹ̀ máa tẹ́jú, torí shear, ìyẹn kí ìpele kan máa yọ̀ lórí èkejì, ló máa ń mú un. Òbìrí Mohr sọ méjèèjì lórí àwòrán kan. Ìwé náà sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó lo ojú ewé mọ́kànlá, kò sì dárúkọ ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan. Ibí yìí, mo gbà pẹ̀lú búlúù.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn tó ń ráhùn kò ní ẹjọ́ rò. Wọ́n ní in. Ìwọ̀n inú ìwé náà dàrú: ojú ewé kan ń lo MPa, èyí tó kàn á ń lo pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin, o á sì rí i tí E irin di mílíọ̀nù 29 lójijì láìsí ẹni tó sọ fún ọ pé 200 GPa kan náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹsẹ̀ kò nílò ìyẹn. Bákan náà, ìdáhùn àwọn ìṣòro tí nọ́ńbà wọn kò ṣeé pín sí méjì nìkan ló wà lẹ́yìn ìwé, gbogbo rẹ̀ kò sì tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ìdáhùn yẹn fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ọ̀pá yíyí kan ni, dáyámítà rẹ̀ 40 mm, agbára tó ń lọ́ ọ 500 N·m. Ẹ̀yìn ìwé ní 79.6 MPa. Pupa ti kọ síbẹ̀ pé: "Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò rí bẹ́ẹ̀." Àwa náà ṣe é, a ń rí 39.8. Àwọn kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí wọ́n máa fi dé 79.6, wọ́n ń yí fọ́múlà po kí ìdáhùn lè bá ti ìwé mu. Mo ti fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn kí n tó rí i pé 79.6 jẹ́ 39.8 lọ́nà méjì géérégé. Ẹni tó ṣe ìdáhùn náà ti fi dáyámítà sí ibi tó yẹ kó fi ìdajì rẹ̀ sí, ó tán. Bí a ṣe rí ibi tí àṣìṣe náà ti wá, ara wa balẹ̀, kì í ṣe torí pé a borí ìwé, torí pé a mọ ìdí rẹ̀ ni. Mo rò ó nígbà náà pé pupa, ẹni tí mo ti kà sí aláròyé láti ìbẹ̀rẹ̀, nìkan ló ní ìgboyà láàárín àwọn mẹ́ta yẹn láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé ṣì í.

Ọjọ́ tí a fa irin ní yàrá ìdánwò kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀pá irin róbótó tí dáyámítà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10, àmì méjì lára rẹ̀ tó jìnnà síra ní mìlímítà 50. Kí a tó tan ẹ̀rọ, mo méfò sínú ìwé mi: ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà onígun mẹ́rin 78.5, bí 250 MPa bá ni òpin rẹ̀, yóò juwọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 20 kN, yóò sì ti nà ní 0.06 mm péré, bí ìnípọn irun orí kan. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ aago rẹ̀ ń gòkè, a kò rí kí irin náà yí padà rárá. Ní ìwọ̀nba lórí 20, ọwọ́ aago dúró. Ó mì. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹrù tó wá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, irin sì wá ń nà lójú wa. Ọrùn tínínrín yọ lára rẹ̀, ó sì já pẹ̀lú ariwo kan tó mú wa fò sẹ́yìn. Mo mú un lọ́wọ́, ibi ọrùn yẹn gbóná. Apá kan ṣe kòtò bí ife, apá kejì yọ ṣóńṣó tó wọ inú rẹ̀ wẹ́kú. A so wọ́n pọ̀, a wọn àmì méjì yẹn: 63.

Ìtàn Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú ìwé náà ní lẹ́tà kékeré, bó ṣe fi òfin rẹ̀ pamọ́ sínú lẹ́tà tó dà rú ní 1676, tó sì tú u ní 1678 pé bí nǹkan bá ṣe nà tó ni agbára tó fà á ṣe tó. Mo ti fò ó lẹ́ẹ̀mejì. Alẹ́ ọjọ́ tí a fa irin ni mo kà á. Búlúù, tó ti ń ráhùn láti ojú ewé kìn-ín-ní, ya ìràwọ̀ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé: "Èyí dùn."

Mo yege kọ́ọ̀sì náà. Mo tọ́jú ìwé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo lò ó nínú iṣẹ́, mo ń kọ nǹkan kún un. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì náà wá bá mi pé wọ́n ní ìwé yẹn le, pé ṣé kóun kàn ka àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ ni. Mo gbé tèmi fún un. N kò fún un nímọ̀ràn kan ju pé kó ka etí ìwé náà pọ̀ mọ́ inú rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pè mí lálẹ́. Ohùn rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ó yẹ kóun sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Lójú ewé 287, ṣé ọwọ́ yín ló wà níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ pé kí a fi ojú bíìmù pín agbára tó ń rẹ́ ẹ, ìyẹn ló máa jẹ́ shear stress tó ga jù."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ mi ni.

Ó ní, "Ìdáhùn ìpíndọ́gba nìyẹn, sà. Èyí tó ga jù wà lórí ìlà àárín. Fún onígun mẹ́rin, ó jẹ́ ìlọ́po 1.5 ohun tí ẹ kọ."

Mo ní kó dúró. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo ya ojú bíìmù náà, mo gé e, mo fi ọfà sí i, mo ṣírò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ mi lórí fóònù. 1.5 ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọdún tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, n kò sì padà wò ó rí.

Ó béèrè bóyá kí òun pa á rẹ́. Mo ní kó má pa á rẹ́, kó kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé àwọ̀ bírò wo ló ń lò.

Ó ní, "Àwọ̀ ewé."